Owó ₦25,000 tí ìjọba ń san fún ìdílé aláìní: bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lábúlé Òkun

Máàkì tí a fún un: mẹ́ta nínú márùn-ún.

Iṣẹ́ tí a ń yẹ̀ wò ni owó tí ìjọba àpapọ̀ ń san tààrà fún àwọn ìdílé tí jíjẹ-mímu nira fún, ₦25,000 lẹ́ẹ̀mẹta, tí àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦75,000. Ilẹ̀ tí a fi wọ̀n ọ́n ni ilẹ̀ Òkun, ìyẹn ilẹ̀ àwọn Yorùbá ìwọ̀-oòrùn Kogí, láti Kábà àti Bùnú dé Ìjùmú, Mọ̀pà àti Yàgbà. Owó náà ń ran ilé lọ́wọ́, kò sí àríyànjiyàn nínú ìyẹn. Ohun tó gba máàkì méjì lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí yóò dé, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ ni àgbẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́.

Ètò yìí kì í ṣe tuntun lọ́dọ̀ wa. Kogí wà lára ìpínlẹ̀ mẹ́sàn-án tí wọ́n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìparí ọdún 2016. ₦5,000 lóṣù ni nígbà náà, wọ́n sì ń san án ní ₦10,000 lóṣù méjì-méjì, owó lọ́wọ́, níbi tí gbogbo abúlé ti ń wò. Ẹ̀yáwó Báǹkì Àgbáyé àti owó Abacha tí Switzerland dá padà, tó lé ní $320 mílíọ̀nù, ni wọ́n fi ń san án. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni Ààrẹ Tinubu ṣí ìpele tuntun, ₦25,000 lẹ́ẹ̀mẹta fún ìdílé mílíọ̀nù márùndínlógún. Oṣù mẹ́ta kò tíì pé tí wọ́n fi dá a dúró ní oṣù kìíní ọdún 2024 nítorí ìwádìí owó ní iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó o. Nígbà tí wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀, òfin ti yí padà: inú àkáǹtì ni owó ń wọ̀, ẹni tí kò bá sì ní NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, kò lè gbà á.

Ẹ jẹ́ ká wo bí owó náà ṣe tó. Owó oṣù tó kéré jù fún òṣìṣẹ́ ní Nàìjíríà láti ọdún 2024 jẹ́ ₦70,000. Gbogbo ohun tí ìdílé kan yóò rí gbà nínú ètò yìí fi ₦5,000 ju owó oṣù kan ṣoṣo yẹn lọ. Bí ìdílé náà bá jẹ́ ẹni mẹ́fà, tí wọ́n sì ná ₦25,000 fún oṣù kan, nǹkan bí ₦139 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan lóòjọ́. Bí wọ́n bá na ₦75,000 sí ọdún kan gbáko, ₦34 ni. Ẹni tó bá fi ìṣirò yìí nìkan wò ó yóò sọ pé kò já mọ́ nǹkan. Ohun tí ìṣirò náà kò ka sí ni iṣẹ́ tí owó náà ń dá padà sóko ẹni.

Ẹ wo ilé náà láti oṣù kẹrin sí oṣù keje. Iṣu ti tán nínú abà, àgbàdo tuntun kò tíì gbó, owó kàjú tó wọlé láti oṣù kejì ti lọ sórí gbèsè. Àsìkò yìí kan náà ni ẹ̀gẹ́ tí wọ́n gbìn pẹ̀lú òjò àkọ́kọ́ ń wá ẹni tí yóò ro ó. Obìnrin tí kò ní ohun tí yóò sè lálẹ́ kò ní lọ sóko ara rẹ̀. Oko olóko ni yóò lọ, yóò ṣe lébìrà, kó lè ra kóńgò gàrí kan bọ̀ wá sílé. Ọjọ́ kejì á tún rí bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kẹta náà. Nígbà tí yóò fi ráyè yà sí oko tirẹ̀, koríko ti bo ẹ̀gẹ́ mọ́lẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjìlá àkọ́kọ́ ló sì ń pinnu ohun tí ẹ̀gẹ́ yóò ta. A máa ń ro ó ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹrin, ọ̀sẹ̀ kẹjọ àti ọ̀sẹ̀ kejìlá. Lẹ́yìn ìyẹn, ewé rẹ̀ ti bo ilẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á máa pa koríko. Èyí tí wọ́n kò ro láàárín ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn lè pàdánù ju ìdajì èso rẹ̀ lọ, kò sì sí iye ìroko tí yóò mú un bọ̀ sípò nígbà tó bá ti pé oṣù mẹ́fà nílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ilé tí ebi ń pa lọ́dún yìí ṣe ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin ebi ọdún tó ń bọ̀, kì í ṣe pé wọ́n ya ọ̀lẹ.

Bí ₦25,000 bá dé ní oṣù karùn-ún, ọ̀nà tó dára jù láti ná an ni kí wọ́n kọ́kọ́ ra oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀, gàrí, èlùbọ́, epo, iyọ̀, kí ìyá àti bàbá lè dúró sóko tiwọn. Èyí tó bá ṣẹ́ kù ni kí wọ́n fi gba lébìrà fún ìroko àkọ́kọ́, nítorí òun ló le jù. Ìroko kejì, àwọn fúnra wọn lè ṣe é pẹ̀lú àáró. Àwọn kan máa ń fi owó náà gba lébìrà láì ra oúnjẹ sílẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ìyá á tún padà sí oko olóko, lébìrà tó gbà á sì wà lóko rẹ̀ láìsí ẹni tó ń bójú tó o, yóò ro ẹ̀bá ọ̀nà dáadáa, yóò fi àárín oko sílẹ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ajílẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. ₦25,000 kò ra odindi àpò NPK 50 kìlógíráàmù. Ohun tí ìdajì àpò yóò fún ẹ̀gẹ́ kò tó ohun tí ìroko lásìkò yóò fún un, koríko náà á sì jẹ nínú ajílẹ̀ ọ̀hún. Àgbàdo ni ajílẹ̀ ń ṣe lóore jù, ìyẹn nígbà tí owó bá pọ̀.

Ìlò kejì tí a fọwọ́ sí ni kí ilé má ta ẹ̀gẹ́ lórí ebè mọ́. Ẹni tí owó ń há máa ń pe oníṣòwò wá sóko, oníṣòwò á fojú wọn ebè, á dá iye, á san owó, á hú u lọ. Èrè gàrí di tirẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tútù 100 kìlógíráàmù, pẹ̀lú èèpo rẹ̀, máa ń di gàrí bí 20 sí 25 kìlógíráàmù. Ohun tó dúró láàárín ìyá yẹn àti gàrí rẹ̀ kò ju owó ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà láti oko, owó ẹ̀rọ tí yóò rin ín, owó jáàkì tí yóò fún omi rẹ̀, igi ìdáná àti àpò. ₦25,000 lè san ìnáwó wọ̀nyí fún ìdì gàrí àkọ́kọ́. Owó ìdì àkọ́kọ́ á gbé ìkejì.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni pé wọ́n á hú ẹ̀gẹ́ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà torí pé ọkọ̀ wà. Ẹ̀gẹ́ tí a ti hú kì í ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ kí inú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Bí ẹ̀rọ abúlé bá sì bàjẹ́, tàbí tí kò sí epo, gbogbo rẹ̀ ṣòfò nìyẹn. Kí a lọ bá ẹlẹ́rọ kí a tó ki ọwọ́ bọ ebè. Ohun tí wọ́n lè bó, kí wọ́n fọ̀, kí wọ́n sì rìn ní ọjọ́ kan náà ni kí wọ́n hú. Lẹ́yìn náà ni yóò wà nínú àpò lábẹ́ jáàkì fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kí wọ́n tó sẹ́ ẹ, kí wọ́n tó yan án. Èyí tí omi rẹ̀ kò bá jáde tán á dì ní kóókó nínú agbada. Gàrí tí wọn kò bá yan gbẹ dáadáa, á bu, á bàjẹ́ nínú àpò kí ọjọ́ ọjà tó pé lẹ́ẹ̀mẹta, oníbàárà kò sì ní padà wá.

Àgbàdo náà ní tirẹ̀. Oṣù kẹjọ tí gbogbo ayé ń kórè ni ìdílé aláìní ń tà á, ní iye tó kéré jù lọ, wọ́n á sì tún ra àgbàdo padà lọ́wọ́ oníṣòwò ní oṣù kẹrin. Àpò onípele mẹ́ta wà lọ́jà báyìí, ọ̀rá méjì nínú, àpò ọ̀rọ̀ọ̀ra híhun lóde, èyí tí kòkòrò kò lè mí nínú rẹ̀. Ẹyọ kan ń gba nǹkan bí 100 kìlógíráàmù, kò sì sí oògùn kankan tí a ń dà sí i. Kí àgbàdo gbẹ kí ó tó wọ inú rẹ̀: ẹ bu iyọ̀ gbígbẹ díẹ̀ sínú ìgò gbígbẹ, ẹ da ẹ̀kún ọwọ́ àgbàdo kan lé e, ẹ dé e, ẹ mì ín. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ẹ padà lọ sá a. Ẹ so ọ̀rá kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, ẹ tẹ afẹ́fẹ́ jáde kí ẹ tó so ó, ẹ gbé àpò lé orí pákó, kí ó má fara kan ògiri. Eku tó bá dá ihò kan péré sí i ti ba iṣẹ́ gbogbo jẹ́. Àpò méjì lè jẹ́ kí ilé náà ta àgbàdo rẹ̀ lẹ́yìn ọdún tuntun. Èyí kò lè ṣẹlẹ̀ láìsí owó mìíràn tí wọn yóò ná ní oṣù kẹjọ, ibẹ̀ gan-an ni owó ìjọba ti wúlò: òun ni a ń ná, àgbàdo ni a ń tọ́jú.

Ewúrẹ́ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ló ń rà á torí pé ojú rí i. Kò burú, ṣùgbọ́n àjàkálẹ̀ àrùn ewúrẹ́, èyí tó ń mú wọn sun ikun nímú kí wọ́n sì máa ṣu omi, lè kó agbo tán ní ọ̀sẹ̀ kan. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà. Ẹni tí kò bá lè rí dókítà ẹran kó má fi gbogbo owó rẹ̀ ra ewúrẹ́.

Nípa gbèsè kàjú, ọ̀rọ̀ pọ̀. Nígbà tí ọdún bá ń lọ sópin, oníṣòwò máa ń gbé owó àsansílẹ̀ kiri abúlé. Ilé tó bá gbà á yóò fi kàjú san án láti oṣù kejì lọ, ní iye tí oníṣòwò ti dá, ohun yòówù kí ọjà máa wí. ₦25,000 tó bá dé ní oṣù kọkànlá lè gba ilé kan lọ́wọ́ àdéhùn yìí pátápátá. Ṣùgbọ́n ilé tí kò ní kàjú ńkọ́? Owó oṣù kọkànlá ò ní ṣe púpọ̀ fún un. Òkú sísin, ọdún Kérésì àti àlejò tó ń bọ̀ láti Èkó àti Àbújá ni yóò gbé e lọ. Nítorí náà ni a fi ń tẹnu mọ́ ọjọ́. Owó kan náà, ilé kan náà, oṣù méjì tó yàtọ̀ síra, àyọrísí rẹ̀ kò jọra rárá.

Ó yẹ ká sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń yan ìdílé. Lórí ìwé, ètò náà dára: wọ́n á pe abúlé jọ, àwọn ọkùnrin á jókòó lọ́tọ̀, àwọn obìnrin lọ́tọ̀, àwọn ọ̀dọ́ lọ́tọ̀, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á dárúkọ àwọn tí nǹkan le fún jù, wọ́n á wá fi orúkọ wéra. Lẹ́yìn náà ni òṣìṣẹ́ á lọ láti ilé dé ilé pẹ̀lú tábílẹ́ẹ̀tì, á béèrè iye ẹni tó wà nílé, irú òrùlé àti ilẹ̀ ilé, ibi tí wọ́n ti ń pọn omi, ẹran tí wọ́n ń sìn. Orúkọ tí àwọn obìnrin bá dá la gbẹ́kẹ̀ lé jù, torí pé àwọn ló mọ ilé tí iná kò tí ì dá láti àárọ̀.

Ibi tí ìbéèrè tábílẹ́ẹ̀tì ti ń ṣìnà lọ́dọ̀ wa ni òrùlé. Opó lè máa gbé nínú ilé páànù tí ọkọ rẹ̀ kọ́ nígbà tí owó kòkó ń wọlé, kó má sì ní ohun tí yóò jẹ. Òrùlé yẹn á sọ ọ́ di olówó lójú ẹ̀rọ. Àwọn kejì tó ń bọ́ sílẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ Ebira àti Tiv tó ń gbé àgọ́ oko. Ìpàdé ìlú kì í dé ọ̀dọ̀ wọn, wọn kò sì ní ẹni tí yóò dárúkọ wọn. Bí ẹ bá wà nínú ìgbìmọ̀ abúlé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rán ẹnì kan lọ sí àgọ́ wọ̀nyẹn kí wọ́n tó ti ìwé náà pa.

Wàyí o, gbígba owó náà fúnra rẹ̀. Obìnrin tó ń bójú tó ilé ni wọ́n sábà máa ń kọ gẹ́gẹ́ bí agbowó, pẹ̀lú ẹnì kejì tó lè dúró fún un. NIN rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà mọ́kànlá, BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báǹkì, náà mọ́kànlá, àkáǹtì báǹkì mẹ́wàá. Ohun tó ń dá owó dúró jù ni orúkọ: lórí NIN, Folashade, ní báǹkì, Folasade, lórí ìwé ètò, orúkọ ọkọ ló wà. Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé ẹnì kan náà ni. Kí ẹ tó kọ ohunkóhun sílẹ̀, ẹ gbé ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú, ẹ fi lẹ́tà wọn wéra lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ti gba NIN tí ìwé rẹ̀ sì sọnù lè tẹ *346# lórí nọ́ńbà fóònù tó fi forúkọ sílẹ̀, wọ́n á yọ ₦20. Fún BVN, *565*0# ni. Gbígba NIN fúnra rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni.

Ìka ọwọ́ náà jẹ́ wàhálà. Ọwọ́ tó ti fi ogún ọdún bó ẹ̀gẹ́ tó sì ti fi ọkọ́ ro oko máa ń jẹ, ẹ̀rọ kò ní rí àmì rẹ̀ kà. Ẹ jẹ́ kí ìyá náà fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ọwọ́, kó nù ún, kó fi ìpara díẹ̀ pa á, kó sì gbìyànjú ìka mìíràn. Kó má lọ síbi ìforúkọsílẹ̀ ní ọjọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bó ẹ̀gẹ́ tán.

Fún ẹni tí báǹkì jìnnà sí, àkáǹtì kékeré tó nílò NIN tàbí BVN nìkan ti tó. Òfin rẹ̀ gbà kí owó tó wà nínú rẹ̀ dé ₦300,000, ₦75,000 kò sì lè kún un. Gbígba owó jáde ló kù, ọ̀dọ̀ oní-POS sì ni. Ẹ béèrè iye tó máa gbà kí ẹ tó fa káàdì lé e lọ́wọ́, ẹ sì tẹ PIN fúnra yín. Ìyá àgbà tí kò mọ̀wé máa ń sọ PIN rẹ̀ síta fún oní-POS níwájú gbogbo èrò. Ẹ mú ọmọ ilé kan tó ṣe é fọkàn tán dání. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì ń já ní abúlé Bùnú àti Yàgbà. Bí ẹ̀rọ bá sọ pé kò lọ, ẹ má jẹ́ kó tún un fà títí tí álàátì yóò fi dé tàbí tí ẹ ó fi wo iye tó kù, torí pé wọ́n lè yọ owó náà lẹ́ẹ̀mejì. Àti nítorí àwọn ajínigbé tó ń da ọ̀nà wa láàmú, kí ẹnikẹ́ni má gba gbogbo owó náà jáde nílùú kó máa fi ọ̀kadà gbé e bọ̀ lábúlé.

Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni láti forúkọ sílẹ̀. Àwọn líǹkì tó ń kiri orí WhatsApp tó ń ní kí ẹ kọ NIN àti nọ́ńbà àkáǹtì yín, ètò yìí kọ́ ló ni wọ́n.

Àwọn kan máa ń sọ pé ẹmu àti sìgá ni aláìní yóò fi owó ná. Báǹkì Àgbáyé gbé àkójọ ìwádìí mọ́kàndínlógún jáde ní ọdún 2014 lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an, láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi. Kò rí i pé owó tí a fún aláìní ń sọ wọ́n di ọ̀mùtí. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn tán nílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tó tóbi jù fún wa wà ní Siaya ní Kenya. Nínú abúlé 653 tí wọ́n fi ṣe ìwádìí níbẹ̀, ìdílé tó lé ní ẹgbàárùn-ún (10,000) gba nǹkan bí $1,000 ìdílé kọ̀ọ̀kan. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2022 fi hàn pé ayé rọrùn sí i fún aládùúgbò tí kò gba kọ́bọ̀ pàápàá, nítorí pé owó náà lọ sọ́dọ̀ káfíńtà, ìyálọ́jà àti ọlọ́kadà àdúgbò, iye ọjà kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbéra. Ẹ rí i pé owó tó tóbi ni, ó sì dé bí wọ́n ṣe ṣèlérí rẹ̀. Tiwa kéré, ó sì ń já lójú ọ̀nà. Ilé tó ti gba ìkíní tí kò mọ ìgbà tí ìkejì yóò dé kò lè bá lébìrà ṣe àdéhùn, kò lè kọ owó oníṣòwò kàjú, kò lè dá ẹ̀gẹ́ dúró lórí ebè. Yóò kàn jẹ èyí tó wà lọ́wọ́ ni, ẹ̀bi rẹ̀ sì kọ́.

Ohun tí a fẹ́ kò pọ̀, kò sì gba pé kí wọ́n fi náírà kan kún un. Ọ̀kan ní oṣù karùn-ún fún ìroko. Ọ̀kan ní oṣù kẹjọ, kí àgbàdo lè dúró nínú àpò, kí aṣọ ilé-ìwé ọmọ sì wà kí oṣù kẹsàn-án tó wọlé. Ọ̀kan ní oṣù kọkànlá kí oníṣòwò kàjú tó dé. Bí wọ́n bá lè kọ ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí sára ògiri ilé ọba àti ẹnu ọ̀nà ọjà kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀, tí wọ́n sì mú un ṣẹ ní ọdún kan péré, a ó padà wá fi máàkì kan kún un.